Ọjọ́ Ẹtì Kan ní Ìdí-Òro

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán ní Ìdí-Òro, ṣùgbọ́n Agege Motor Road ti jí. Mólùẹ̀ ń lọ, dánfó ń tẹ̀ lé e. Àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀ rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n ń pe Ọ̀ṣòdì, wọ́n ń pe Òyìngbò. Ọyẹ́ ti ń kógbá sílé. Ooru ti gba ipò rẹ̀.

Ilé kan wà lẹ́bàá títì yìí, nọ́ńbà 14. Ibi tí Muṣin ti fẹ́ parí tí Sùúrùlérè fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló wà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ọgbà rẹ̀ ká. Ẹ̀rọ amúnáwá wà nínú ọgbà náà, nítorí pé kò sí ẹni tó lè gbọ́kàn lé iná NEPA.

Àwọn ará ilé ṣì ń sùn. Iṣẹ́ òru ni iṣẹ́ wọn. Onílù wà nínú wọn, afunfèrè wà, olórin àti oníjó wà. Àwọn awakọ̀ wà, àwọn tó ń dáná wà, àwọn ọ̀dọ́ tó kúrò nílé òbí wọn tí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ilé wà pẹ̀lú. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni olórí wọn. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Beko Ransome-Kuti, ní ilé ìwòsàn sínú ọgbà kan náà. Junction Clinic ni wọ́n ń pè é. Aláìsàn tí kò lówó lọ́wọ́ ń rí ìtọ́jú níbẹ̀.

Ìyá wọn náà wà nínú ilé. Ẹni ọdún 76 ni.

Agogo méje kọjá ìṣẹ́jú méjì. Oòrùn yọ.

Ọjọ́ kẹfà rèé tí FESTAC parí. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ni àwọn ènìyàn dúdú láti káàkiri àgbáyé fi péjọ sí Èkó. Wọ́n jó ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè. Wọ́n ṣeré nínú National Theatre tuntun ní Ìgànmú. Fẹlá wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ pè sí ìgbìmọ̀ ètò náà. Ó bínú jáde. Nígbà tí àjọ̀dún ń lọ lọ́wọ́, ó ń ṣeré tirẹ̀ ní Afrika Shrine, nínú ọgbà Empire Hotel, tí kò jìnnà sí ilé rẹ̀. Àwọn àlejò tí ìjọba pè ń wá síbẹ̀ lálẹ́. Wọ́n ń gbọ́ orin rẹ̀. Wọ́n sì ń gbọ́ ohun tó ń sọ nípa àwọn tó pè wọ́n.

Àwọn àlejò ti ń padà sílé báyìí. Àwọn ṣọ́jà tí wọ́n kó sójú títì láti darí ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn kan. Kòbókò wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Awọ màlúù ni kòbókò. Wọ́n á lọ́ ọ, wọ́n á sá a kó gbẹ. Ìdí rẹ̀ nípọn kí ọwọ́ lè mú un dáadáa, ẹnu rẹ̀ sì tínrín. Bó bá balẹ̀ lẹ́yìn ènìyàn, ojú ibẹ̀ á kọ́kọ́ funfun, lẹ́yìn náà yóò wú. Awakọ̀ tó bá ya ibi tí kò yẹ, wọ́n á fà á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á sì nà án lójú àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀. Gbogbo Èkó ti mọ ìró yẹn.

Agogo mẹ́jọ. Àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Orin kan wà tí wọ́n ń kọ ní gáréèjì àti lọ́jà láti ọdún tó kọjá. *Zombie* ni orúkọ rẹ̀. Ó ń sọ nípa òkú tó ń rìn, tí kò ní ọpọlọ tirẹ̀: ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ, a lọ, ẹni tí wọ́n bá ní kó pa, a pa. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sí ṣọ́jà tí kò mọ ẹni tí orin náà ń bá wí.

Agogo mẹ́sàn-án. Oòrùn ti ń mú. Iná ń jó lábẹ́ ìkòkò àwọn alásè ẹ̀gbẹ́ títì.

Ilé tó wà lẹ́yìn wáyà náà ní orúkọ. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1974 ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ ya wọ ibẹ̀, tí wọ́n ní igbó ni àwọn ń wá. Wọ́n kó Fẹlá lọ sí àtìmọ́lé ní Alágbọn. Yàrá tí wọ́n fi í sí, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó bá níbẹ̀ ti sọ ọ́ ní Kalakuta. Nígbà tó jáde, ó gbé orúkọ náà lé ilé rẹ̀ lórí. Lọ́jọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ọlọ́pàá adígbòlujà tún dé. Wọ́n yin tajútajú, wọ́n lu àwọn ará ilé, ilé ìwòsàn ni Fẹlá bá ara rẹ̀. Nígbà tó padà, wáyà ọgbà ga sí i. Ó ń pe ilé náà ní Kalakuta Republic. Ó ní ibi tí ìjọba ológun kò ní àṣẹ lé lórí ni.

Lójú ìjọba, nọ́ńbà 14 Agege Motor Road jẹ́ ilé kan ní Nàìjíríà bí ilé yòókù. Lójú ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, ìlú kékeré ni, ó ní olórí, ó ní oníṣègùn, ó ní odi, ó ní iná tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń lé níta lè sá wọ ibẹ̀. Láàárín èrò méjèèjì yìí, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ló dúró.

Ìyálẹ̀ta. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lójú títì.

Bí kálukú ṣe ń ròyìn rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ọkọ̀ kan wà. Ọmọ ilé Fẹlá wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣọ́jà wà lójú títì. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà. Ọmọ náà sá wọ inú ọgbà. Géètì padé lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ṣọ́jà dé ẹnu géètì. Wọ́n ní kí wọ́n mú un jáde. Fẹlá kọ̀. Ó ní bí ọmọ náà bá ṣẹ̀, ọlọ́pàá ni kó wá mú un, kì í ṣe ṣọ́jà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní ẹnu géètì nìyẹn. Òfin wà lẹ́yìn ohun tó sọ. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni kí wọ́n mú ẹni tó jà lójú títì. Iṣẹ́ adájọ́ ni kó sọ bóyá ó jẹ̀bi. Ní ìlú tí wọ́n ti ń na awakọ̀ ní kòbókò ní gbangba láìsí adájọ́, ọ̀rọ̀ náà wúwo ju bó ṣe dún lọ.

Àwọn ṣọ́jà yí padà. Bárékè Abalti wà ní ìtòsí, ní ọ̀nà Ojúẹlẹ́gba. Ibi tí wọ́n ń lọ kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ.

Nínú ọgbà, wọ́n tan ẹ̀rọ amúnáwá. Iná wọ inú wáyà. Láti òde, ojú kò lè rí iná tó wà nínú wáyà. Ìró ẹ̀rọ nìkan ni ènìyàn lè fi mọ̀.

Ọ̀sán. Àwọn ṣọ́jà ń bọ̀.

Wọn kì í ṣe mẹ́ta, wọn kì í ṣe mẹ́wàá. Wọ́n tó ẹgbẹ̀rún kan. Ọlọ́pàá kò sí pẹ̀lú wọn, ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ kò sì sí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yí ilé náà ká. Ìwájú kún, ẹ̀yìn kún. Ọkọ̀ kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Àwọn ènìyàn dúró sí òdìkejì títì, wọ́n ń wò.

Nígbà tí ènìyàn méjì bá jà lójú títì, ẹni tó mú ọ̀rẹ́ márùn-ún padà wá, inú ló ń bí i. Ẹgbẹ̀rún ṣọ́jà kò lè kúrò ní bárékè nítorí inú ń bí ẹnì kan. Ẹnì kan ní láti pàṣẹ. Ẹnì kan ní láti ṣí ibi tí ìbọn wà.

Agogo kan ọ̀sán. Oòrùn dé òkè pátápátá. Òjìji kúrú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, Moṣáláṣí sì ni orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe àdúgbò náà.

Wáyà ni ohun àkọ́kọ́ tó dá wọn dúró. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, yóò gbọ̀n jìnnìjìnnì. Ṣùgbọ́n wáyà kò ní agbára tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n rí i. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Níbi tó wà gan-an ni iná ti sọ, iná tòótọ́, tí èéfín dúdú ń tẹ̀ lé.

Wáyà ti di irin lásán. Wọ́n gé e. Wọ́n wọlé.

Ohun tó tẹ̀ lé e, àwọn tó wà nínú ilé náà sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, wọ́n sì ń sọ ọ́ títí ọjọ́ orí fi mú wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ìdí ìbọn fọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n wọ yàrá dé yàrá. Ẹni tí wọ́n bá bá lórí ẹní, wọ́n lù ú lórí ẹní. Ẹni tó sá wọ abẹ́ ibùsùn, wọ́n fà á lẹ́sẹ̀ jáde. Ìdí ìbọn, kòbókò, bàtà. Àwọn kan bẹ́ láti òkè nítorí pé àkàsọ̀ ti kún fún ṣọ́jà.

Àwọn obìnrin ni wọ́n ṣe ní ìkà jùlọ. Wọ́n bọ́ wọn síhòòhò. Wọ́n fipá bá wọn lò pọ̀. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Wọ́n dé ilé ìwòsàn. Beko Ransome-Kuti ni dókítà níbẹ̀. Wọ́n lù ú títí egungun rẹ̀ fi ṣẹ́. Oògùn, abẹ́rẹ́, ibùsùn aláìsàn, ìwé tí wọ́n kọ àìsàn olúkúlùkù sí: gbogbo rẹ̀ ló bá iná lọ.

Wọ́n rí Fẹlá. Wọ́n fi ìdí ìbọn lù ú lórí, wọ́n lù ú lára, wọ́n wọ́ ọ jáde sí gbangba. Egungun rẹ̀ ṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rí ẹni tó ń lù ú.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ìyá wọn wà. Kò sá. Àwọn ṣọ́jà gun àkàsọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fèrèsé wà nínú yàrá náà. Láti ojú fèrèsé òkè dé ilẹ̀ ju gígùn ènìyàn méjì lọ, ilẹ̀ ọgbà sì le. Arúgbó kò wúwo. Ọwọ́ ènìyàn méjì ti tó gbé e.

Wọ́n gbé e. Wọ́n jù ú síta láti ojú fèrèsé.

Ìrọ̀lẹ́. Iná ti gba gbogbo ilé.

Àwọn panápaná dé. Àwọn ṣọ́jà kò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ilé. Ọkọ̀ omi dúró, omi wà nínú rẹ̀, ilé ń jó níwájú rẹ̀. Àwọn oníròyìn dé pẹ̀lú kámẹ́rà. Wọ́n na àwọn náà. Àwọn ará Ìdí-Òro wà níbẹ̀, àwọn ará Muṣin wà níbẹ̀, èrò tó sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ tí kò lè kọjá wà níbẹ̀. Ojú ọ̀sán ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní títì tí gbogbo Èkó ń gbà. Ẹlẹ́rìí pọ̀ ju ẹni tí ènìyàn lè kà.

Nínú ilé, ohun èlò orin ń jó. Awọ ìlù á kọ́kọ́ le koko, yóò sì ya. Idẹ fèrè kì í tètè yọ́, yóò dúdú, yóò wọ́. Téèpù ni kò ní agbára rárá. Á ká jọ, á di omi dúdú. Fẹlá ń ṣe fíìmù kan nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ nígbà náà, *The Black President*. Ohùn orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ fún un wà nínú ilé. Ó jó.

Wọ́n kó àwọn tó farapa lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣọ́jà ń ṣọ́ Fẹlá lórí ibùsùn aláìsàn. Ẹni tí wọ́n lù ni wọ́n dè mọ́lẹ̀.

Agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 58. Oòrùn wọ̀. Ní ọ̀nà Ojúẹlẹ́gba, àwọn ènìyàn ń rí ìmọ́lẹ̀ pupa lókè òrùlé, wọ́n sì ń gbóòórùn rẹ̀. Òórùn náà kì í ṣe ti igi nìkan. Rọ́bà wà nínú rẹ̀, ike wà nínú rẹ̀, oògùn ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀.

Agogo méjìlá òru. Ọjọ́ Ẹtì parí. Ní nọ́ńbà 14, ògiri ló kù, ó dúdú láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ojú fèrèsé rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ọmọ tó sá wọ inú ọgbà ní ìyálẹ̀ta kò já mọ́ nǹkan kan mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tó tún bèèrè rẹ̀.

Ọdún 1977, lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Adájọ́ Kalu Anya ni alága. Wọ́n jókòó, wọ́n gba ẹ̀rí. Àwọn ará ilé wá pẹ̀lú ọgbẹ́ lára, wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ parí iṣẹ́, wọ́n bá Fẹlá wí pé ó pe ilé rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè. Ní ti ẹni tó dáná sun ilé, wọ́n ní ṣọ́jà kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni. Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọn kò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ìjọba gba ilẹ̀ náà. Ilé ẹ̀kọ́ ló wá dúró lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ilé Fẹlá tí àwọn àlejò ń lọ wò lónìí, èyí tó di mùsíọ́ọ̀mù lọ́dún 2012, ilé tó gbé lẹ́yìn ìgbà yẹn ní Ìkẹjà ni.

Oṣù kejì ọdún 1978. Ọdún kan pé. Fẹlá fẹ́ obìnrin 27 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà nínú ilé lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ń pè wọ́n ní orúkọ burúkú nígboro nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí wọn, bí ẹni pé àwọn ló ṣẹ̀.

Ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978. Ìyá náà kú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jù ú sílẹ̀ ni ara rẹ̀ kò ti bọ̀ sípò mọ́. Nígbà tí ìjọba ológun ń kógbá sílé lọ́dún 1979, Fẹlá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé pósí rẹ̀ dé ẹnu géètì Dodan Barracks, níbi tí olórí ìjọba ń gbé. Olórí ìjọba náà, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Abẹ́òkúta ni, bí arúgbó tó kú náà ti jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta.

Ìdílé náà pe ìjọba lẹ́jọ́. Mílíọ̀nù 25 náírà ni wọ́n bèèrè fún. Ẹjọ́ náà gun òkè títí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ lọ́dún 1985. Wọ́n pàdánù níbẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe pé àwọn adájọ́ ní kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, òfin tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí oyè, òfin náà sì sọ pé ọba kì í ṣẹ̀. Ìjọba ló wà ní ipò ọba. Ẹnikẹ́ni kò lè pè é lẹ́jọ́ nítorí ibi tí ìránṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1979 ló mú ààbò yẹn kúrò, wọ́n sì ti jó ilé náà ní ọdún méjì ṣáájú.

Ọba kì í ṣẹ̀. Ìdílé tí wọ́n sọ ọ́ fún yìí ni ọ̀rọ̀ náà kò tọ́ sí jùlọ ní gbogbo Nàìjíríà.

Orúkọ ìyá náà ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta. Òun ló ṣáájú Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Nígbà náà, ìjọba amúnisìn ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá, ọwọ́ Aláké ni wọ́n sì fi ń gbà á. Akódà ń wọlé tọ àwọn ìyá ọlọ́jà, wọ́n ń wọ́ wọn lọ sí kọ́ọ̀tù. Ní ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin kó ara wọn jọ síwájú ààfin. Wọ́n jókòó. Wọ́n kọrin. Wọ́n sùn síbẹ̀. Wọ́n sọ fún Aláké pé ó ṣẹ̀. Wọn kò dúró títí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀. Lọ́jọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó padà sórí rẹ̀. Owó orí obìnrin dúró.

Àwọn obìnrin náà kò dá ohun tuntun sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì lè kọ Aláàfin tó bá ń ṣìkà, Baṣọ̀run á sì sọ ọ́ sí i létí pé ìlú kò fẹ́ ẹ mọ́. Ọba ilẹ̀ Yorùbá ń ṣẹ̀, wọ́n sì ń bi í.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kó òfin náà wá ti pa á tì fúnra wọn. Lọ́dún 1947, ọdún kan náà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jókòó síwájú ààfin, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní London ṣe òfin tuntun pé ẹnikẹ́ni lè pe ìjọba lẹ́jọ́ fún ibi tí ìránṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, Nàìjíríà tó ti gba òmìnira ṣì fi òfin tí àwọn olówó rẹ̀ ti sọ nù ṣe asà fún àwọn tó ju arúgbó láti ojú fèrèsé.

Wọ́n ní ṣọ́jà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni. Kò sí irú ṣọ́jà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó ní orúkọ, ó ní ọ̀gá tó ń jábọ̀ fún. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò ní bárékè ní ọ̀sán gangan, wọ́n gba títì tí gbogbo Èkó ń gbà, wọ́n sì padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ní kí wọ́n lọ wà. Àwọn tó gun àkàsọ̀ wà. Àwọn méjì tàbí mẹ́ta tó fọwọ́ kan ìyá náà wà. Iṣẹ́ ìjọba ni láti dárúkọ wọn, iṣẹ́ náà sì wà lọ́rùn gbogbo ìjọba tó ti jẹ láti ìgbà yẹn títí di òní. Ẹni tó lé ọba kúrò lórí ìtẹ́ torí owó orí àwọn ọlọ́jà, ó kéré tán, ó yẹ kí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ẹni tó pa á.